Mágínẹ́ẹ̀tì Bàbá Pọ́ọ́kú

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa irinṣẹ́ o. Bí ẹ bá gbé ẹ̀mú àti sípánà síwájú mi, ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí tó ń jẹ́ èwo. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọkùnrin kan wà, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Pọ́ọ́kú, nítorí pé ọjà tó bá ti wọ́n kò lè wọ ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Ojúlówó. Ohun tí kì í bá ti ṣe ojúlówó, ìyá yìí kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe fẹ́ ara wọn.

Nígbà tí Bàbá Pọ́ọ́kú fẹ̀yìn tì, ó sọ yàrá ẹ̀yìn di ibi iṣẹ́. Ó ra òòlù tí orí rẹ̀ fò yọ níbi ìṣó kẹta, tó sì gba ojú fèrèsé lọ kí aládùúgbò. Ó ra ayùn tí kò gé nǹkan kan rí àfi ṣòkòtò ẹni tó rà á. Ó ra téèpù ìwọ̀n tí wọ́n kọ mẹ́tàdínlógún sí lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló fi wọn pẹpẹ ìwé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìwé inú ilé fi ń rọ́ lọ sápá òsì bí ẹni ń sá fún òjò.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣiṣẹ́ ni mágínẹ́ẹ̀tì. Ó kan ọ̀kan gbọọrọ mọ́ ògiri, gbogbo irinṣẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn gbágbáágbá. Ó ra kékeré kan tó wà lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣa ìṣó tó bá bọ́ sí kọ̀rọ̀. Ó tún kan òmíràn mọ́ ògiri ilé ìdáná, pé kí ọ̀bẹ máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí ìyàwó rẹ̀ fi yọ ọ́.

"Bàbá wa, mi ò fẹ́ ohun tó ń fa nǹkan nítòsí mi."

"Irin nìkan ló ń fà. Kò ní fa ẹran ara rẹ. Kì í fa idẹ, kì í fa wúrà."

"Mo ti gbọ́. Ẹ máa gbé e lọ."

Bí ọ̀rọ̀ bá sì gbé ìyá dé yàrá iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á ká ọwọ́ òsì rẹ̀ há abíyá. Ọkọ rẹ̀ ní ìgbéraga ni.

Ọwọ́ òsì náà ni òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ wà. Àwọn ẹlẹ́nu àdúgbò máa ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ta ló mọ̀ bóyá pọ́ọ́kú lòun náà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí ìyá nínú gan-an.

"Ojú mi báyìí ni alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe yọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá ọkọ mi, tó fi rọ òrùka yìí," á wí. "Ohun ojúlówó kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí fún mi láyé nìyí."

Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó gbé e lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n bá a nù ún. Nígbà tó gbé e dé, ó ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá fẹ́ yàrá ẹ̀yìn fún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Wọ́n bá ṣàdéhùn: bó bá fi máa di Sátidé tí irinṣẹ́ kankan kò tíì ṣe ilé láǹfààní, kí Bàbá Pọ́ọ́kú kó gbogbo rẹ̀ jáde. Àbúrò ìyàwó ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Obìnrin yìí fẹ́ràn ẹ̀rín. Láti ìgbà tó ti gbé eyín wúrà kan sí iwájú ẹnu, bí ẹnì kan bá sín lásán, á ti ya ẹnu, á ti rẹ́rìn-ín, kí eyín lè gba atẹ́gùn. Bí wọ́n bá bi í níbi tó ti rí i, á ní, "Ọlọ́run tèmi kì í sùn."

Sátidé dé. Adájọ́ jókòó sí ilé ìdáná, ẹnu ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Ojúlówó ń fọ abọ́. Ọṣẹ yọ̀, òrùka bọ́ sínú ihò tí omi ń gbà lọ.

Bàbá Pọ́ọ́kú ti sáré gbé ọ̀pá dé. "Ẹ kúrò lọ́nà! Ọjọ́ mi dé!"

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Ìyàwó rẹ̀ fi gbogbo ara dí ihò náà. "Wúrà ni. Ẹnu yín lẹ fi sọ pé kì í fa wúrà."

Bàbá Pọ́ọ́kú họ orí. "Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ n lọ pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi nígbà náà."

"Ẹ má pe ẹnì kankan. Ó lọ, ó lọ náà nìyẹn. Ohun ayé ni."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín kèékèé. "Bọ̀dá, ẹ ti pàdánù yàrá nìyẹn. Ẹ lọ wá páálí tí ẹ máa kó ẹrù sí."

"Ó kù díẹ̀," ni Bàbá Pọ́ọ́kú wí. "Ìdérí ìgò kan há síbẹ̀ láti ìjẹta, tí kò jẹ́ kí omi lọ dáadáa. Bí mo bá fà á yọ, ṣé kì í ṣe àǹfààní nìyẹn?"

Kí ìyàwó rẹ̀ tó ráyè dá a dúró, ọ̀pá ti wọlé. Nǹkan dún kí! nísàlẹ̀. Ó rọra fà á jáde.

Òrùka ni, ó lẹ̀ mọ́ orí ọ̀pá gbágbáágbá, omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó.

"Mo yege!" Bàbá Pọ́ọ́kú fò sókè. "Yàrá di tèmi! Adájọ́, sọ̀rọ̀!"

Ìyá Ojúlówó ń wo òkè àjà bí ẹni tí kò rí àjà rí. Bàbá Pọ́ọ́kú yọ òrùka kúrò lórí ọ̀pá, òrùka fò padà, kí! Ó tún yọ ọ́, ó tún fò padà.

"Bàbá wa, yàrá ti di tiyín," ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Títí láé. Ẹ kan mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ ibi tó bá wù yín."

Bàbá Pọ́ọ́kú wo òrùka, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá yíjú sí adájọ́ tó ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀: "Àbúrò, kí ló dé tó o fi ọwọ́ bo ẹnu?"