Odán Inú Abọ́

"Màmá, igi inú abọ́ yìí ńkọ́?"

Olùkọ́ kan ló béèrè bẹ́ẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ n'Íbà Housing Estate ni. Láti ìgbà tó ti gbéyàwó ló ti ń gé gbòǹgbò odán yẹn, tó ń fi wáyà tẹ̀ ẹ́, kó má baà ga ju àtùpà lọ, torí ọ̀ṣọ́ ilé ló fi ṣe.

Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ṣì wọ sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì, gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ayé ló fi wáyà dè é, àna mi. Mo ti tú u sílẹ̀, mo gbàdúrà fún un, mo sì gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé."

Ta ló ń jágbe mọ́ ìyá ìyàwó? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣé, Màmá."

"Mi ò ní padà s'Íjẹ̀bú títí yóò fi ga ju òrùlé yìí lọ."

Olùkọ́ náà dìde, ó sáré lọ ra ajílẹ̀ n'Íyànà Ìbà.