Ráútà Oníwo Mẹ́jọ Inú Ṣógíláàsì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi Wi-Fi sílé, ẹ dúró ná. Ẹ má yọwọ́ lórí ìtàn yìí títí ẹ máa fi kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ wà.

1.

Ọládiméjì àti Jọmílójú ìyàwó ẹ̀ ń gbé ní Ìpọ̀nrí. Wọn ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣègbéyàwó. Jọmílójú ń wá iṣẹ́ kan tí wọ́n máa ń jókòó sílé ṣe fún àwọn ará òkè òkun. Oṣù mẹ́jọ ló ti wà lẹ́nu ẹ̀, ó wá ku íńtáfíù ìkẹyìn, lórí fídíò, aago mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni Wi-Fi tó máa dúró dáadáa.

Jọmílójú pe Fadilah, ọmọbìnrin Músìn tó ń fi Wi-Fi sílé fáwọn èèyàn. Ọmọ yẹn mọṣẹ́ o! Ó gbé fóònù lọ́wọ́, ó rìn dé gbogbo kọ̀rọ̀ ilé, ó wo ibi tí network ti ń rẹlẹ̀. Ó ní kí wọ́n rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tó máa fa network wọlé, kó wà lára ògiri ìta, èyí tó máa pín in, kó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kékeré kan, kó wà ní yàrá ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, wáyà iná ni bàbá mi ń ṣe. Wọn kì í fi iná gbogbo ilé sórí fíúùsì kan. Tí ọ̀kan bá kú, kí ìyókù ṣì máa ṣiṣẹ́."

Diméjì rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ sọ pálọ̀ òun di ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Músìn ni.

Fadilah ká wáyà ẹ̀. "Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà, Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò máa ń gbéra níbẹ̀."

2.

Ọjọ́ kejì, Diméjì gbé ráútà alápapọ̀ kan wálé. Ẹ ò rí nǹkan! Ó dúdú bíi kóró iṣin, ìwo mẹ́jọ ló yọ lórí ẹ̀. Síìmù, Wi-Fi, bátìrì, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹyọ kan. Ó yọ síìmù Jọmílójú, òun nìkan ni network ẹ̀ dáa ládùúgbò yẹn, ó fi í sínú ráútà.

Ó wá gbé e sínú ṣógíláàsì, láàárín àwọn àwo ìgbéyàwó, ó tẹ́ aṣọ léèsì lé e lórí, ó tì í pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ti ọ́fíìsì. Kí àlejò máa wò ó, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ó yà á ní fọ́tò, ó gbé e sórí status. Àwọn ọ̀rẹ́ ń kí i kú oríire bí ẹni tó ra mọ́tò. Orí ẹ̀ wú.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti tó wákàtí mélòó kan, ooru á mú un nínú gíláàsì yẹn, á dákẹ́. Diméjì á yọ́ ṣí i, á pa á, á fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, á tún tàn án, á tì í padà. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ló fẹ́ kí Fadilah gbọ́?

3.

Ọjọ́bọ̀ pé. Diméjì wà níbi iṣẹ́ ní Yaba, ó ń fi fọ́tò ráútà han àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Fóònù dún. Ó gé e. Ó tún dún, ó tún gé e. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló gbé e.

"Diméjì, ráútà ti dákẹ́. Mo yọ wáyà ẹ̀, kò kú, bátìrì ló ń lò. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ọwọ́ Diméjì lọ sápò. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀.

"Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ṣé kí n fọ́ gíláàsì yìí?"

Ó rántí àwo. Ó rántí fọ́tò. Ó rántí ọ̀rọ̀ Fadilah.

"Má fọwọ́ kàn án. Mo ti ń bọ̀."

Ó fò sínú kẹ̀kẹ́. Ẹ sì mọ iwájú ọjà Tejuoso láàárọ̀: ẹlẹ́rù ń kọjá, aláṣọ ń kọjá, kẹ̀kẹ́ ń rìn bí ìgbín.

Nígbà tó fi dé Ìpọ̀nrí, aago mọ́kànlá ti kọjá dáadáa. Gíláàsì wà nílẹ̀ wẹ́wẹ́, ọmọ odó wà lórí àga. Ráútà gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná, kò tan mọ́. Jọmílójú jókòó, kóòtù lókè, ìró nísàlẹ̀. Kó tó fọ́ gíláàsì, ó ti fi síìmù ẹ̀ kejì gbìyànjú, ojú àwọn òyìnbó gan sórí fóònù, wọ́n ní ohùn ẹ̀ ń já, wọ́n sì ti gé e kó tó rí síìmù inú ráútà yọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n kọ̀wé: iṣẹ́ àtilé ṣe ni, ẹni tí network ẹ̀ dúró làwọn ń fẹ́.

Jọmílójú ò pariwo. Ó na abẹ̀bẹ̀ kékeré kan sí ọkọ ẹ̀.

"Ẹ̀yìn àwo ni mo ti rí i. O mọ̀ pé ó máa ń dákẹ́, àbí?"

Diméjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa gíláàsì nílẹ̀.

4.

Fadilah padà wá. Kò yọ ṣùtì sí i, ó kàn so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sípò wọn. Nígbà tí ààrá pa ti ìta lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìyẹn nìkan ni Fadilah pààrọ̀. Ìyókù ò mira. Jọmílójú ti tún ń kọ lẹ́tà iṣẹ́ mìíràn, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Diméjì fẹ́ pe ẹni tó máa tún gíláàsì ṣe. Ìyàwó ẹ̀ ní rárá.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ máa wọ ibẹ̀."

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò ẹ̀ dòní. Kò sí ohun tó ń ṣí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ra nǹkan torí ojú àlejò. Ẹ gbọ́ ti ẹni tó mọṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ má sì fi ìṣòro pamọ́ fún ẹni tí ọ̀la ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.