Màmá Kan Ṣoṣo

“Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?”

Bàbá ìkókó ń jágbe mọ́ fóònù ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èbúté Ìkòròdú. Áàpù tó fi ń to nọ́ńbà àwọn èèyàn ti da Màmá Ìjẹ̀dẹ́, Màmá Lásùnwọ̀n àti Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ di “Màmá” kan ṣoṣo. Màmá Ìjẹ̀dẹ́ ni ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá ìyàwó yìí ló ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, òun ló sì yẹ kó pàdé wọn ní èbúté. Ìyàwó rẹ̀ ti pa fóònù tiẹ̀, ó ń sùn.

Ó tẹ nọ́ńbà kìíní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ariwo ẹ́ńjìnnì bo ohùn mọ́lẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ṣé ẹ ti dé èbúté?”

“Kí ni mo fẹ́ ṣe ní èbúté?”

Ta ló tó bi àgbàlagbà pé, “Ẹ̀yin ta ni?” Ó ní, “Ọmọ tuntun ni mà. Ẹ̀yin là ń retí kẹ́ ẹ wá wẹ̀ ẹ́.”

“Háà! Èmi lo rántí! Mo ti dìde báyìí!”

Ẹni tó ti wà lọ́nà láti ọ̀sán kọ́ nìyẹn. Ó pòṣé, ó tẹ ìkejì, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti dé èbúté láti wá wẹ ọmọ. Ìyẹn tiẹ̀ bú sẹ́kún ayọ̀, fóònù sì gé kó tó ṣàlàyé. Ẹni kẹta kò gbé e.

Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, Màmá Lásùnwọ̀n àti Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kálukú pẹ̀lú kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú tirẹ̀, wọn ò wojú ara wọn.

“Nínú àwa méjèèjì,” Màmá Lásùnwọ̀n béèrè, “ta lo pè gan-an?”

Kó tó lanu, fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì na ọrùn, wọ́n sì jọ ka ohun tó wà lójú fóònù náà: Màmá.