Káfíńtà tó mọ fírémù, tí kò mọ àgbọ̀n ọmọ rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìka gbá ìtàn yìí kọjá. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, kí inú tó ń bí mi lè bí ẹ̀yin náà.

1.
Káfíńtà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ dán mọ́rán. Bí oníbàárà bá ní kó bá òun fá etí ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì mọ́, á ní àfi kí òun kọ́kọ́ wo fírémù. Ó máa ń ní tí fírémù bá ti wọ́, bí èèyàn fá ilẹ̀kùn títí tó fi tán, kò ní tì.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin ti lé lógún ọdún. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú, eyín iwájú rẹ̀ kì í pàdé. Búrẹ́dì lásán, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń gé e.

2.
Dókítà eléyín ya fọ́tò egungun, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé: eyín kọ́ ló ṣẹ̀, egungun àgbọ̀n ni. Wáyà tí wọ́n ń so mọ́ eyín á kọ́kọ́ tò ó, wọn á ṣiṣẹ́ abẹ láti dá àgbọ̀n padà sẹ́yìn, wáyà á sì parí rẹ̀. Wáyà nìkan ò lè ká a.

Bàbá fárígá. Ó ní ta ló ń bímọ kí wọ́n lè wá rẹ́ ẹ lágbọ̀n bíi pákó?

Ọmọ ní, "Bàámi, èmi ni mo ni ẹnu, mo sì fẹ́ ẹ."

Bàbá ní kó pa ẹnu náà mọ́. Ló bá wá eléyín mìíràn lọ, ẹni tó ní wáyà nìkan ti tó, tí kò tilẹ̀ ya fọ́tò kankan. Kí lèèyàn fẹ́ wí?

3.
Odidi ọdún mẹ́ta! Wáyà ń fa eyín ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, àgbọ̀n ò kúrò níbi tó wà. Bàbá ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé eyín ọmọ òun ti ń pàdé. Ọmọ ní eyín òun ń mì, bàbá ní kó mọ́kàn le. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ ki búrẹ́dì bọ tíì, ó gé e jẹ, eyín kan bọ́ sínú ife lójú bàbá rẹ̀. Kóṣù tó parí, èkejì tẹ̀ lé e.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà àkọ́kọ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ohun tí wáyà bà jẹ́ ṣe, eyín méjì yẹn ò sì ní padà wá. Bàbá tún ń ráhùn pé wọn ò ṣàlàyé tó. Ọmọ rẹ̀ wò ó lójú.

"Bàámi, tí fírémù bá wọ́, ṣé ilẹ̀kùn lẹ máa ń fá?"

Bàbá bú sẹ́kún níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, wáyà kì í ṣe ọ̀tá o. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé eyín wọn nìkan ló wọ́, wáyà sì tó wọn. Àmọ́ ẹ bi dókítà: ṣé eyín ni àbí egungun? Tó bá sì dá yín lóhùn, ẹ gbọ́! Ẹ yé fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.