Ẹnu Ìbọn Sójà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ sún mọ́ mi, òfófó tòní ń rùn.

Ọkọ mi tó ń ṣọdẹ àdúgbò ló gbé ìbọn sójà àtijọ́ kan wálé. Mo ní kò ní yìn ín tí Bàbá Jìnádù tó ń tún ìbọn ṣe ò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, kó má lọ bú mọ́ ọn lójú.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tá a débẹ̀. Bàbá wò ó, wọ́n ní kò sí ọta nínú ẹ̀. Wọ́n ti àkísà bọ ẹnu ìbọn, wọ́n fà á jáde. Itọ́ ló wà lára ẹ̀, pẹ̀lú obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rún.

Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, eku ni."

"Eku wo ló ń rún obì tutọ́?"

Bàbá ní kí n tẹ́ ọwọ́ sí ẹnu ìbọn, àwọn máa fẹ́ atẹ́gùn láti ìdí ẹ̀, ká mọ̀ bóyá ihò ẹ̀ là já. Atẹ́gùn jáde lóòótọ́. Bàbá gbé ẹnu kúrò, ó ṣì ń jáde, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ni nǹkan tútù kan bá lá àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọkọ mi ṣì ní òun máa gbé e lọ ṣọdẹ lálẹ́ yìí. Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?