Ìbéèrè Àlájà Ràfíátù

Kareemah dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò wọlé. Ẹ̀rù ń bà á. Láàárọ̀, kó tó gun ọ̀kadà kúrò ní Ilé-Ogbó, bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí iṣẹ́ tó ń wá lọ lónìí ò bá bọ́ sí i, kó padà wá bá òun ro ẹ̀gẹ́ lóko. Ọkọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Nínú yàrá náà, lẹ́yìn ọjà Ìwó, àwọn ìyá aláṣọ ti jókòó, wọ́n ń wò ó látòkè délẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àlájà Ràfíátù, olórí wọn, ló wà níwájú pátápátá. Kareemah wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Dìde, ọmọ mi," Àlájà wí. "Olúṣẹ́gun tó wá ṣáájú rẹ, ìbéèrè ẹyọ kan la bi í tó fi fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Fìlà rẹ̀ nìyẹn."

Fìlà náà wà lójú fèrèsé lóòótọ́, eruku ti bò ó.

Àlájà tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó ní ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ni òun fẹ́ gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ti ẹnu àwọn ọ̀dọ́, kì í ṣe ti inú ìwé. "Kí ni wọ́n ń pè ní 'chicken out'?"

Gbogbo ohun tí Kareemah kà fò lọ lórí rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rántí ọkọ́ bàbá rẹ̀, ó sì dúró.

"Kò kan adìẹ, mà," ó dáhùn. "Bí èèyàn bá ti ní òun á ṣe nǹkan, tí àkókò wá tó, tí ojora mú un tó sì yẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ó ti chicken out. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni láàárín ẹgbẹ́. Èèyàn kì í sọ ọ́ sí àgbà."

"Fi sọ̀rọ̀ ká gbọ́."

Kareemah tún wo fìlà ojú fèrèsé. "Olúṣẹ́gun chickened out."

Àlájà bojú wẹ̀yìn, àwọn ìyá sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ síra wọn. Kareemah di ojú rẹ̀, ó ti ń rí ebè ẹ̀gẹ́.

Àlájà Ràfíátù di etí tábìlì mú, ó dìde, gbogbo wọn dìde tẹ̀ lé e, ó sì ṣí ìwé tuntun tó wà níwájú rẹ̀: "Ẹ káàsán, tíṣà wa, ẹ bá wa kọ ọ́ sójú pátákó ká dà á kọ, torí ọmọ-ọmọ mi ló sọ ọ́ sí mi, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n lè bi ẹnikẹ́ni nílé."