Ta Ló Ń Tú Àṣírí Bàbá Husnah?

Ẹ wá wo Bàbá Husnah lẹ́yìn táńkì omi, níbi tó ká gúlútú sí pẹ̀lú àgbàdo sísè àti iyọ̀.

Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kan ẹnu mọ́.

Kò tíì gé àgbàdo náà jẹ tí Mùíbátù, ìyàwó rẹ̀, fi yọ sí i.

"Ẹ gbé iyọ̀ yẹn wá."

Lánàá, ilé ewúrẹ́ ló sá sí. Mùíbátù bá a níbẹ̀.

Níjẹta, àárín ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni. Ó tún lọ bá a níbẹ̀ tààrà.

Inú wá ń bí Bàbá Husnah. Ọmọ Ìlobù ni òun, Ìfọ́n tí ìlú wọn jọ ń jà sí ààlà ilẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó.

"Èwo nínú ẹ̀yin ará Ìfọ́n lo ní kó máa ṣọ́ mi?"

"Mi ò rán ẹnì kankan." Ńṣe ló ń pariwo, torí etí ọkọ rẹ̀ ti di díẹ̀. "Ẹ rántí ilẹ̀kùn ọkàn yín tó ń jò, tí wọ́n gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan yín lọ fi kílíìpù há pọ̀?"

"Mo rántí. Ó ṣì ń jò, ni wọ́n bá la àyà mi, wọ́n fi onírin rọ́pò ẹ̀. Kí ló kan iyọ̀ nínú ìyẹn?"

"Onírin yẹn ń dún, Bàbá Husnah. Ká, ká, ká, bí aago ara ògiri. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ, àfi ẹ̀yin."

Bàbá Husnah rọra gbọ́wọ́ lé àyà.

"Kì í wá dí ọ lọ́wọ́ oorun?"

Mùíbátù gba iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ni mi ò ní lè sùn."